Ìpín Iléyá Àwọn Òdòdó Òkun

Ṣọ̀ọ̀ọ̀… ó dákẹ́. Ṣọ̀ọ̀ọ̀… ó tún dákẹ́.

Ìró omi ni mò ń wí, omi tí ènìyàn bù sókè tó sì rọra dà padà síbi tó ti bù ú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti kúrò l'Ọ́tà. Kúmásì ni mo ti hu gbogbo ewú orí mi yìí. Síbẹ̀, bí òjò bá ń kán láti etí òrùlé mi láàárọ̀, ilé Bàbá Láwàlì ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Níbẹ̀ ni ìró náà ti dá ọ̀rẹ́ mi dúró lójú ọ̀nà, tí kò sì jẹ́ kó lè lọ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ni Àmọ̀dá, ọmọ Adó-Odò. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi odán kan ní oríta Sáńgò, lẹ́yìn ogun Hítílà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń tú èéfín lónìí, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni gbogbo ibẹ̀. Àwọn ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fojú ara mi rí. Èyí tí mi ò rí, ẹnu àwọn méjèèjì tó kàn ni mo ti gbọ́ ọ, wọn kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àmọ̀dá lọ dá kẹ̀kẹ́ Bàbá Láwàlì padà fún un nílé. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ ké àgò, ni ó gbọ́ ìró omi náà. Ó yọjú lójú fèrèsé.

Ọmọbìnrin kan dúró nínú pálọ̀. Oòrùn àárọ̀ tàn sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó gbé abọ́ tánńganran kékeré kan sókè dé èjìká, ó ń da omi láti inú rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì kan tó fẹ̀ tó àpótí aṣọ ìyàwó. Omi náà ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀ bó ṣe ń já bọ́. Bó bá ti dà á tán, yóò tún bù ú nínú àpótí kan náà, yóò sì tún dà á.

Àmọ̀dá gbàgbé àgò tó fẹ́ ké. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni omi yìí ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń nà án báyìí?”

Ọmọbìnrin náà kò ta gìrì. Ó wò ó láti orí dé àyà, níbi tí fèrèsé mọ. “Ẹni tí kò kí ará ilé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ṣé olè lẹ jẹ́ ni, àbí wolé-wolé?”

“Oníkẹ̀kẹ́ ni mí.”

“Ẹ wọlé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń gbọ́ òórùn gírísì yín láti ibi tí mo wà.”

Bí Àmọ̀dá ṣe wọlé tó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí náà nìyẹn. Àwọn òkúta dúdú ló wà nísàlẹ̀ omi, àwọn nǹkan kan sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Òmíràn pupa bí obì, òmíràn ní àwọ̀ ewé tó ń gbẹ. Wọ́n tanná bí òdòdó, ṣùgbọ́n ìtànná wọn ń rọra mì láìsí afẹ́fẹ́, bí ìka ọmọ tuntun tó ń wá nǹkan dì mú.

Ọmọbìnrin náà sọ fún un pé òdòdó òkun ni àwọn ń pè wọ́n nínú ilé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ewéko rárá. Ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bínú, wọ́n sì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Omi òkun tó bá dúró sójú kan kì í bá wọn lára mu, ìdí nìyẹn tí òun fi ń bù ú láàárọ̀ lálẹ́ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n lè mí. Ràfátù lorúkọ ọmọbìnrin náà, Àṣàbí ni oríkì rẹ̀. Kí Àmọ̀dá tó kúrò níbẹ̀, ó ti mọ méjèèjì.

Ìtàn àpótí náà kò gùn. Bàbá Láwàlì, bàbá Ràfátù, ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe kúùkù l'Ékòó lọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun. Lára àwọn òkúta tí ìgbì ń lù ni òyìnbó náà ti ṣà wọ́n. Nígbà tí àìsàn gbé e padà sí ìlú rẹ̀, ó fa àpótí náà lé kúùkù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun yóò padà wá gbà á. Bàbá Láwàlì fọwọ́ lé àyà, ó ní àmáánà ni, ohun ìfipamọ́ tí Ọlọ́run yóò bi òun léèrè. Ọdún ń gorí ọdún, òyìnbó kò dé, Bàbá ti fẹ̀yìn tì wá sílé l'Ọ́tà, ṣùgbọ́n àmáánà kì í gbó lójú tirẹ̀. Awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan ló máa ń bá a gbé omi òkun wá láti Èkó nínú ṣágo, ìgò ńlá ọlọ́rùn tóóró. Bí oòrùn bá sì fa omi inú àpótí náà, omi òjò ni wọ́n fi ń kún un, torí Bàbá ní oòrùn a máa gbé omi lọ, kì í gbé iyọ̀.

Àtìní àti Àlàmísì nìkan ni àwọn òdòdó náà ń jẹun, ọjọ́ tí Bàbá fúnra rẹ̀ ń gba ààwẹ̀. Ó máa ń sọ pé bí ebi bá ń pa òun, òun kò lè gbàgbé ẹlòmíràn tí ebi ń pa. Edé tútù tàbí ẹja tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé ni oúnjẹ wọn, orí ẹyọ ìgbálẹ̀ ni wọ́n sì ń fi bọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Èyí tó bá yó yóò dì bí ìkúùkù. Ní ọjọ́ kejì, Ràfátù á fi ṣíbí kó ohun tí wọ́n bá bì jáde kí ó má ba omi jẹ́.

Lọ́dún yẹn, kò sí kẹ̀kẹ́ tó ṣàìsàn l'Ọ́tà tó kẹ̀kẹ́ Bàbá Láwàlì. Bí Àmọ̀dá bá tún bíréèkì rẹ̀ ṣe lónìí, á ní òun ń fura sí ṣéènì rẹ̀ lọ́la. Ìyá Ràfátù, Fàtímọ̀, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá kí àwọn kúkú gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ kan ni Ràfátù gbà kí Àmọ̀dá bọ́ òdòdó kan. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ní kó fi iyanrìn àti omi gbígbóná fọ ọwọ́ rẹ̀, torí ọṣẹ pàápàá léèwọ̀ nínú omi yẹn. Àmọ̀dá na ẹyọ ìgbálẹ̀ tí edé wà lórí rẹ̀ sínú omi. Òdòdó pupa kan ká ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fà á.

“Ó dì mí mú,” ni Àmọ̀dá wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

“Ó ń kí yín ni. Ẹ jẹ́ kó kí yín tán.”

“Àṣàbí, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìwọ máa di ọwọ́ mi mú báyìí?”

“Ọjọ́ tí gírísì bá tán níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni a kò ti gbádùn Àmọ̀dá mọ́ ní Sáńgò. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á jókòó ti garawa, á máa fi iyanrìn ha ọwọ́ títí a fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀la. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mò ń sọ. Mo wò ó, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Láwàlì pé Ràfátù ni òun fẹ́, Bàbá kò sọ pé rárá. Ó ní òun ti ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ kò yá jù, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn jù. Ó ní kí àwọn ṣe Iléyá ná, lẹ́yìn náà kí ó lọ sọ fún àwọn ará Adó-Odò kí wọ́n wá.

Iléyá dé. L'Ọ́tà nígbà náà, ẹni tó bá ń fojú sí ọmọ nínú ilé kan ni yóò wá bá wọn bó àgbò, tí yóò gé e, tí yóò sì pín in, kí ará ilé lè rí i bóyá ahun ni tàbí ọ̀lawọ́. Àmọ̀dá pín ẹran náà bí ẹni tí wọ́n fi jọba lórí rẹ̀. Ti Ìmáàmù kò gbẹ́yìn, ti opó ẹ̀yìnkùlé kò kéré, àní ìdílé onígbàgbọ́ tó wà ní òdìkejì títì gba itan tó ní láárí. Fàtímọ̀ ń gbé abọ́ jáde, ó ń wí fún un pé, “Ọmọ mi, wò ó dáadáa o. Kí ẹnikẹ́ni má wà nínú ilé yìí tí kò ní rí ìpín.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ kí àwọn ẹbí wọn ní Ìyesí, wọn yóò sì sùn níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá fa abọ́ tánńganran yẹn lé àjèjì lọ́wọ́. Ó ní kó bù ú nírọ̀lẹ́, kó tún bù ú láàárọ̀. Ọjọ́ oúnjẹ kò tíì pé, kò sí ohun mìíràn láti ṣe.

Àmọ̀dá bu omi náà nírọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó bù ú. Òórùn ẹran díndín kún gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọdé ń jẹ egungun lójú ọ̀nà. Ó wo àwọn òdòdó náà bí wọ́n ṣe na ọwọ́ wẹ́wẹ́ wọn sínú omi tó ṣófo, ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀ sì dún padà létí rẹ̀. Ará ilé ni àwọn náà. Báwo ni gbogbo ayé yóò ṣe yó lọ́jọ́ Iléyá tí wọn yóò gbààwẹ̀? Ó gé ẹran, ó sì mú ibi tó sanra jù lẹ́yìn àgbò, ibi tí à ń fi pọ́n àlejò lé. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ́ gbogbo wọn, ó sì fi èyí tó kù sínú omi fún ẹni tí kò bá yó.

Láàárọ̀, omi náà ti funfun bí omi ògì, ọ̀rá ń léfòó lójú rẹ̀, àwọn òdòdó náà sì ti di ìkúùkù. Ó rò pé àjẹyó ọdún ni. Ó bù ú, ó dà á, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ po ọ̀rá náà wọ inú omi tán pátápátá.

Nígbà tí wọ́n dé láti Ìyesí, òórùn ni ó pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ràfátù sáré dé ibi àpótí náà, ó sì káwọ́ lérí. Àwọn kan ti já kúrò lára òkúta, wọ́n ń yí kiri bí awọ èso. Bàbá béèrè ẹni tó ṣe é. Àmọ̀dá, tó tún wá láti wá bu omi, kò wá àwíjàre kankan.

“Èmi ni, Bàbá. Mo fún wọn ní ìpín Iléyá wọn.”

Bàbá Láwàlì jókòó. Kò gbé ohùn sókè. “Àmáánà ni mo fi lé ọ lọ́wọ́, oorun alẹ́ kan péré. Ọmọ mi náà àmáánà Ọlọ́run ni. O fẹ́ kí n fi ìyẹn náà lé ọ lọ́wọ́? Máa lọ sílé, ọmọ Adó-Odò. Kò sí ìyàwó fún ọ níbí.”

Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ni òun fi ẹnu òun fà á. Àmọ̀dá wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

“Bàbá, òkun kò tíì gbẹ,” ló wí. “Ẹ jẹ́ n lọ pọn omi wọn.”

Bàbá yí ojú sí ògiri. Ràfátù ló lọ gbé ṣágo méjì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ jáde, ó gbé wọn lé e lọ́wọ́ lójú bàbá rẹ̀, ó ní, “Ẹ má pọn omi ọ̀sà o. Òjò ti dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ẹ rí i pé inú ìgbì gan-an lẹ wọ̀.”

Kò sí bọ́lẹ̀kájà kan tó ń rìn, àwọn awakọ̀ ń ṣọdún. Kẹ̀kẹ́ mi ló yá, torí táyà mi ṣì le. Ó gba ọ̀nà Agége, ó kọjá afárá wọ Èkó, ó gun kẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi tán lábẹ́ rẹ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó wọ inú ìgbì dé àyà, ìgbì gbé e lulẹ̀, ó sì tún dìde. Bó ṣe ń bọ̀, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́ lẹ́bàá Agége, ṣágo kan fọ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀ nígbà tó gbé èyí tó kù dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Láwàlì.

Ràfátù ti ṣa àwọn tó ṣì ní ẹ̀mí sínú agbada tánńganran kan. Omi ṣágo kan náà ni ó dà lé wọn. Kò tó. Àmọ̀dá wo agbada náà, ó wo Ràfátù, kò sinmi kọjá ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mumi. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún tán, àwọn bọ́lẹ̀kájà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ṣùgbọ́n Àmọ̀dá kò jẹ́ kí awakọ̀ kankan gbé omi náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, òun ló ń lọ sí etí òkun. Bàbá ní kò gbọ́dọ̀ wọlé, kó gbé omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá kí Bàbá, Bàbá á máa ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Àwa ará Sáńgò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an bi í pé ṣé Ràfátù ló fẹ́ fẹ́ ni, àbí omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń lẹ táyà rẹ̀ lọ, ó ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Òun àti Ràfátù kò rí àyè sọ̀rọ̀ pọ̀. Bó bá sọ ṣágo kalẹ̀, Ràfátù á jáde wá gbé e. Ìwọ̀nba àkókò tí ṣágo fi ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì ni tiwọn.

“Ṣé wọ́n ti jẹun?” ni Àmọ̀dá máa ń béèrè.

“Wọn ò tíì jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti jẹun?”

Lọ́jọ́ kan, ìka rẹ̀ kò tètè kúrò lórí ìka Àmọ̀dá. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọrùn ṣágo ti bó wò. “Kò sí gírísì níbẹ̀ mọ́,” ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì gbé omi wọlé.

Ní àkókò yìí ni àbúrò Bàbá kan mú télọ̀ kan wá láti Èkó, ó ní ọkọ rere nìyí fún Ràfátù. Ràfátù gbé omi mímu fún àlejò, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó lọ bá bàbá rẹ̀ níbi àpótí gíláàsì.

“Bàbá, ẹ ní Àmọ̀dá kò lè tọ́jú àmáánà. Mo gbà, ó ba á jẹ́. Láti Iléyá, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?”

“Ràfátù, ọkùnrin a máa ṣe àṣehàn nígbà tó bá ń wá ìyàwó.”

“Àṣehàn a máa rẹ ènìyàn, Bàbá. Èyí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ fún mi ní ọkọ tó bá wù yín. Bí kò bá rẹ̀ ẹ́, mi ò ní kúrò nínú ilé yìí lọ sílé ẹlòmíràn.”

Bàbá wò ó títí. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn tirẹ̀ ni.

Òjò ọdún náà ń lọ sílé nígbà tí òdòdó pupa kan kọ́kọ́ tanná padà, tó gba edé lórí ẹyọ ìgbálẹ̀ tó sì mú un le. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Àmọ̀dá kò mọ̀. Ràfátù fẹ́ sọ fún un, Bàbá ní kó má tíì sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, Bàbá wà lẹ́nu ààwẹ̀, ó ń bọ́ wọn fúnra rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ òkúta, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Lẹ́bàá òdòdó pupa náà ni àwọn kéékèèké kan wà, tí wọn kò tó orí ìṣó, tí wọ́n ti na ọwọ́ wẹ́wẹ́ tiwọn náà sókè. Ní gbogbo ọdún tí ó ti gba àmáánà yìí, kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó kí òdòdó náà kú ewu ọmọ bí ẹni ń kí aládùúgbò.

Bàbá Láwàlì kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó ṣínu, ó kírun, ó sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ní ibi tí òun fẹ́ rán an kí oòrùn ọ̀la tó mú.

Lọ́jọ́ kejì, a rí Fàtímọ̀ ní oríta Sáńgò. Àmọ̀dá ti so ṣágo mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ gbéra lọ sí Èkó. Ó rò pé àwọn òdòdó náà ti kú tán. Èmi fún ìyá náà ní àpótí láti jókòó, ó ní òun kò jókòó, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, bí wọ́n sì ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni òun fẹ́ jẹ́ ẹ.

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, “Bàbá Ràfátù ní kí n sọ fún ọ pé: ‘Omi ti tó. Tú ṣágo yẹn sílẹ̀. Adó-Odò ni kí o forí kẹ̀kẹ́ rẹ lé. Àwọn bàbá rẹ ni kí o lọ kó wá bá mi ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, ká mú ọjọ́ tí a ó so yìgì. Ìyá Ràfátù ti gbà. Ràfátù náà ti gbà tipẹ́. Èmi ni mo pẹ́.’”